Iná Lọ Lẹ́ẹ̀kan, Ẹ̀rọ Ṣubú Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, omi ẹ̀rọ pa ọmọ mẹ́ta. Oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi tán nínú táǹkì, kò sì sẹ́ni tó bu òmíràn sí i fún ọjọ́ méjì. Akọ̀wé tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ kó tó lọ fún ìsinmi ní òun ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé oògùn tán. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n lé e. Láti ọjọ́ náà, Apọmọ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

Nísinsìnyí, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Má-gbàgbé. Ó ní dókítà ò fún bàbá òun ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí ẹni tó pa ohun tí bàbá òun kọ rẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí rẹ̀.

Ó ti rẹ Má-gbàgbé. Orúnkún ń dùn ún, ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́ Má-gbàgbé kò lè ní òun ti gbàgbé. Ó lọ.

Ẹni mẹ́ta ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi ní òun ò sí nílùú lọ́jọ́ náà, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sọ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lòun tó wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Lójú tirẹ̀, iná tó lọ lójijì ló jẹ àkọsílẹ̀ náà. Ìwọ̀nba àwọn tó gba Akọ̀wé gbọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kẹta ni Ìkejì, ọ̀rẹ́ Akọ̀wé, ẹni tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń lọ kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí. Ìkejì nu ojú. Ó ní kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí òun kì í gbé ọsàn lọ fún ọ̀rẹ́ òun.

"Nígbà tí mo dé, iná ti dé tipẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́," ó ní. "N ò kúrò níbẹ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Iná ò tún lọ mọ́."

Má-gbàgbé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà. Wọ́n ní ó wà ní yàrá ìkẹ́rùsí láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ikú àwọn ọmọ náà. Ìkejì ló ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n gbé e kúrò.

Ó gbé e lọ bá obìnrin kan tó mọ inú kọ̀ǹpútà dunjú, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Orúnkún yín ń ké ju ilẹ̀kùn mi lọ."

Kò tan ẹ̀rọ náà. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá kàn tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe, á sì pa ipasẹ̀ olè rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀rọ yìí ní ìwé kékeré kan nínú," ó ní. "Kì í ṣe nǹkan kan láìkọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí iná bá já, tí ẹ̀rọ sì tún jí, ìwé yẹn ló ń kà. Iṣẹ́ tó bá ti kọ tán, á ṣe é parí. Èyí tó kọ dé ìdajì, á dà á nù."

"Ṣé ó lè parọ́?"

"Ó lè pàdánù ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán an."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣubú, tó kú lójijì, lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Aago mẹ́wàá àárọ̀, àti aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán."

Má-gbàgbé padà sí ilé-iṣẹ́ omi. Ó ka ìwé ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Iná lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kò tún lọ mọ́. Ó wo ibi tí okùn iná ti wọ ògiri: ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè ṣèèṣì fà á yọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìkejì gbé ọsàn dé ilé Akọ̀wé. Ó bá Má-gbàgbé lẹ́bàá ibùsùn.

"Ẹ ní iná ò lọ mọ́ lẹ́yìn tí ẹ dé."

"Kò lọ."

"Ẹ ò sì kúrò ní yàrá náà."

"N ò kúrò."

"Ta ló wá fa okùn ẹ̀rọ yọ ní aago méjì ààbọ̀?"

Ọsàn kan bọ́ nínú àpò. Kò sẹ́ni tó mú un.

Má-gbàgbé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ohun tó ti sú u. Ó ní Ìkejì pa fáìlì tí Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ sí rẹ́, ó sì fa okùn yọ lójú ẹsẹ̀, kó lè dà bíi pé ìjákulẹ̀ iná ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó ṣubú. Nígbà tó jí, ó parí ohun tí wọ́n rán an, wákàtí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Orúkọ fáìlì nìkan ló kúrò, ara rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ká ní wọ́n tún lo ẹ̀rọ náà fún oṣù kan ni, nǹkan mìíràn ì bá ti bò ó. Bó ṣe ní kí wọ́n gbé e kúrò, Ìkejì fúnra rẹ̀ ló tọ́jú ẹ̀rí pamọ́.

Ó fa bébà yọ, ó kà á: "Aago kan. Oògùn tán. Kọ́kọ́rọ́ ilé oògùn wà lọ́wọ́ Ìkejì."

Ìkejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti sọ kọ́kọ́rọ́ náà nù, ẹ̀rù sì ń ba òun pé wọ́n á lé òun. Òun rò pé òun á rí i lọ́jọ́ kejì. Òun ò mọ̀ pé ọjọ́ méjì lè pa ènìyàn.

Akọ̀wé yí orí padà lórí ìrọ̀rí.

"Sọ ọ́ sókè. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi pè mí ní Apọmọ ní ojúde yẹn."

Ọmọ rẹ̀ dìde, ó ṣí fèrèsé.

"Ìwọ kọ ọ́," Ìkejì ní. Ó gbé ohùn sókè. "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ kọ ọ́. Èmi ni mo pa á rẹ́. Èmi ni mo pa àwọn ọmọ náà."