Ojú Ọmọ Tó Wà Lára Ògiri

Bí apárí bá wọ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, pẹ̀lú irun ni yóò jáde. Kọ̀ǹpútà ló fi ń tún ojú àwọn ènìyàn ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Dúró-Dáa ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí ohun tí ó máa ń pariwo nìyẹn kí ó tó tẹ kámẹ́rà.

Kì í mutí, kì í jalè. Ọ̀rẹ́ mi, má rò pé ó dìgbà tí ènìyàn bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì kí ó tó di ẹlẹ́ṣẹ̀. Irọ́ ni tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé irọ́ tó bá mú inú ènìyàn dùn kì í ṣe irọ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà, tí wọ́n jọ dàgbà, bá pè é sílé ìsìn, a ní, "Èmi tí mò ń ya gbogbo ìgbéyàwó yín? Mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ju pásítọ̀ yín lọ." Wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, àwọn ará àdúgbò pinnu láti ran ilé àwọn ọmọ òrukàn kan lọ́wọ́ ní òkè òkun, níbi tí omíyalé ti pa ọ̀pọ̀ òbí. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé kan. Oníkálukú yóò mú ohun kan tó dára wá láti ilé, wọn yóò tà á ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, kí owó rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ náà. Ọ̀gá ilé ìwé, ìyá àgbà kan tí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀, ni alága. Dúró-Dáa ni yóò ṣe ìwé ìpolongo.

Ó kọ̀wé sí ilé ọmọ náà pé kí wọ́n fi fọ́tò ọmọ kan ránṣẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn kì í fi ojú àwọn ọmọ àwọn tọrọ owó. Inú bí i. Ta ni yóò yọwó fún ẹni tí kò rí? Dípò kí ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ mú.

Opó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì lódìkejì títì márosẹ̀, ìtòsí ibẹ̀ náà ló ń gbé. Òun ló tọ́ Dúró-Dáa dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, a fi ọmọ náà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Dúró-Dáa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó fi eérú pa á lójú, ó so aṣọ gbígbó mọ́ ọn lórí, ó mú un dúró níwájú ògiri kan tó ti ń wó. "Sunkún," ni ó wí. Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Fajú ro." Ẹ̀rín ló tún bú sí. Nígbà tí sùúrù rẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lójú, ó ní, "Ìyá ẹ ti kú."

Ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, omijé sì dà. Dúró-Dáa tẹ kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ó fún un ní bisikíìtì, ó ní eré làwọn ń ṣe, kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Sábẹ́ fọ́tò náà ló kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: BÀBÁ RẸ̀ TI KÚ. ÌYÁ RẸ̀ TI KÚ. Ogójì ni ó tẹ̀ jáde.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rímú mí. Bí ìyá bá wọ ilé ìwẹ̀, òun a dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Ìyá rò pé ibà ló fẹ́ ṣe é.

Sátidé pé. Ìyá fi ọmọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ síbi iṣẹ́. Dúró-Dáa fún ọmọ náà ní bébà àti pẹ́ńsùlù, ó ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì sáré lọ lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n ìwé méjì ṣẹ́ kù sórí tábìlì. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ni. Ó rí ojú ara rẹ̀, ó ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Bàbá òun ti kú lóòótọ́. Èyí tí wọ́n kọ nípa ìyá òun ò ṣe ní í jẹ́ òtítọ́?

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, kò sí ọmọ. Ó sáré dé àgbàlá ilé ìwé láìwọ bàtà. "Ẹ gbà mí o! Mi ò rọ́mọ mi!"

Ọjà tí wọ́n ń tà dúró. Èèyàn tó tó igba tú síta. Òjò ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ń sáré lórí títì márosẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀gá ilé ìwé ní, "A ó wá a. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Fọ́tò ẹ̀ dà?"

Fóònù kékeré tí kò ní kámẹ́rà ló wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "O ya fọ́tò ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ó sọ fún mi pé ẹ jọ ṣeré fọ́tò. Mú un wá!"

Dúró-Dáa gbójú sá fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó... ó ti bàjẹ́. Mo ti pa á rẹ́."

Ó yọ́ wọ inú gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni ogójì ó dín méjì ojú ọmọ náà ti ń wò ó láti ara ògiri. Ẹ̀rù bà á. Láti ọ̀nà títì, ó gbọ́ tí bíréèkì ọkọ̀ ńlá kan han gooro.

Káfíńtà ti tẹ̀ lé e wọlé. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo ara ògiri, ó sì lóye. "Òun nìyí, àbí?"

"Bí mo bá sọ ọ́, mo tán nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní í dárí jì mí láéláé. Ta ló tún máa gbéṣẹ́ fún mi?"

"Ọmọ ńkọ́?"

Káfíńtà di èjìká rẹ̀ mú. "Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ojú tó o ti tún ṣe kọ́ ni Jésù kú fún. Ojú ẹ gan-an tó dọ̀tí yìí ni. Ó máa gbà ẹ́ bó o ṣe rí, àmọ́ kò ní í gba irọ́ náà mọ́ ẹ. Jù ú nù. Jù ú nù báyìí, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kú."

Ṣé o mọ bí ìgbéraga ṣe ń pẹ́ kú tó? Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kí ọkùnrin yìí tó lè na ọwọ́. Ó já ìwé kan lára ògiri, ó gbé e jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọmọ náà nìyí. Kì í ṣe ọmọ òkè òkun. Mo purọ́ fún gbogbo yín. Èmi ni mo sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ti kú, kó lè sunkún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìwé náà. Kò nà án, kò bú u. Omijé tó wà lójú ọmọ rẹ̀ ló ń fi ìka nù lórí bébà. Ẹnìkan ti di Dúró-Dáa lọ́rùn aṣọ mú, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé pariwo, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ já gbogbo ẹ̀ lára ògiri! Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan!"

Wọ́n tú ká. Dúró-Dáa àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọ̀nà títì. Wọ́n ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, gbogbo wọn sì ń mi orí. Ní ibùdókọ̀, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, ó fò dìde. "Ó wà lẹ́yìn mi níbí! Láti àárọ̀ ló ti ń béèrè ọkọ̀ tó ń lọ síbi tí wọ́n ń kó òkú sí. Kò fẹ́ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀, kò sáré. Ó kọ́kọ́ na ọwọ́, ó fọwọ́ kan imú ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà ni?" Ìgbà yẹn ni ìyá gbá a mọ́ra, tí àwọn méjèèjì ké.

Dúró-Dáa kò lè dúró mọ́. Orí sìmẹ́ńtì ibùdókọ̀ ló kúnlẹ̀ sí nínú òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, "Olúwa Jésù, òpùrọ́ ni mí. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Dárí jì mí, gba ayé mi." Nígbà tí ó dìde, ojú ṣì ń tì í, ṣùgbọ́n ẹrù tó ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ ọdún ti bọ́ lórí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ti bọ́.

Èmi kò ní bá ọ purọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ náà pé, "Mi ò tíì lè wo ojú ẹ o." Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi wò ó. Àwọn kan gba ẹrù tí wọ́n mú wá fún títà padà. Nígbà tí wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn fún àwọn ọmọ òrukàn náà, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni Dúró-Dáa dúró sí, tó ń sọ ohun tí ó ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Kò sí àwòrán kankan lára ògiri. Wọ́n yọwó síbẹ̀, owó náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o kò di kámẹ́rà mú rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ, fún ọkọ rẹ, fún ìjọ rẹ, o sì ń bẹ̀rù pé bí o bá sọ ọ́, o tán. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkan lè máa jìyà rẹ̀ báyìí níbi tí ojú rẹ kò tó.

Jésù Kristi ti gba ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ lórí igi àgbélébùú. Kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe kí o tó wá. Má ní ó dọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí, fi ìwé yìí sílẹ̀ ná, kí o sì sọ ọ́ fún un. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń tì ọ́ lójú jù lọ. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó ń pè ọ́.