Aago Mẹ́rin Ni, Kì í Ṣe Mẹ́ta

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé kékeré yìí, jọ̀wọ́, má tíì fi wé nǹkan. Kà á tán ná. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dé inú ilé mi.

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Dígí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ológun ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bàtà rẹ̀ máa ń dán débi pé èèyàn lè wo inú rẹ̀ ya irun. Dígí di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, ó sì fẹ̀yìn tì tiyìtiyì. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Olóòótọ́ èèyàn ló ń lọ yẹn." Inú rẹ̀ á dùn, inú kan náà á sì bàjẹ́.

Nítorí Dígí mọ ohun tí òun ṣe.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n jáde ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní kó ṣọ́ yàrá ìbọn lọ́sàn-án Sátidé kan. Ní aago mẹ́ta, ọ̀gá kan wá ka ìbọn, gbogbo rẹ̀ pé. Bí ọ̀gá ti yí ẹ̀yìn padà, Dígí sá lọ wo bọ́ọ̀lù, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó sáré padà dé ní aago mẹ́rin, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ kàn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ yìí ka ìbọn, ó rí i pé ọ̀kan ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ sọ fún àwọn ọ̀gá.

Kí wọ́n tó dé, Dígí ti ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ àkókò iṣẹ́ sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago mẹ́ta ni òun ti fa kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀gá ní ìwé kì í purọ́. Òótọ́ ni, ìwé kì í purọ́, ẹni tó kọ ọ́ ló ń purọ́. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ náà ló jí ìbọn. Wọ́n to gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sórí pápá, wọ́n gé bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, wọ́n ní kó gbé àpótí rẹ̀ kó máa lọ. Dígí wà lórí ìlà, ó nà ró ṣánṣán.

Ọmọ tí wọ́n lé yẹn, ọmọ bíbí inú mi ni.

Ọdún méjìdínlógójì kọjá. Ni lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ Dígí: àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà àtijọ́ fẹ́ ṣe àpérò lórí bí a ṣe ń jẹ́ aṣáájú. Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́ lẹ́nu aṣáájú, àwọn á sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló ti pàdé Péńpé, ẹlẹgbẹ́ wọn kan tó ti gba Jésù gbọ́.

"Dígí! Bàtà yìí náà ni ṣá? O ò tíì jẹ́ kóun náà fẹ̀yìn tì?"

"Ìwọ ńkọ́, o ò tún ga sí i?"

"Mo ti ga nínú ẹ̀mí, ara ló kọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé káàdì orúkọ kọ́ ọrùn, wọ́n wọlé.

Ògiri gbọ̀ngàn náà kún fún pátákó tí wọ́n kọ orúkọ sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Orí pèpéle ni wọ́n fi Dígí sí, ó wá kojú pátákó tiwọn gan-an. Lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, àyè kan wà tí káfíńtà ti fá orúkọ kúrò. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò dí kòtò.

Wọ́n pè é. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú, ó ní, "Nígbà tiwa, a kì í purọ́." Ó gbójú sókè, ó rí pátákó. Ó tún gbólóhùn náà kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ó ní kí wọ́n má bínú, ara òun kò yá, ó sì jáde lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ omi wà.

Péńpé tẹ̀ lé e.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Péńpé, aago mẹ́rin ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé Péńpé. Ìgbà tó yé e, ó káwọ́ lérí. "Hà! Dígí! O ti sọ fún Ọlọ́run?"

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Mò ń gbààwẹ̀, mo ra àga sí ṣọ́ọ̀ṣì..."

"Àga kọ́ ló kú fún ẹ. Jésù ni. Wọ́n di ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀ rù ú, ó mọ̀ pé tìẹ ni, ó sì gbé e. Ṣùgbọ́n kò ní bá ẹ tọ́jú irọ́ pa mọ́ o. Bó o bá ń bọ̀, mú un dání wá."

"Orúkọ mi á bàjẹ́."

"Ti ọ̀rẹ́ wa tó ti bàjẹ́ látọjọ́ yìí ńkọ́? Kì í ṣe orúkọ?"

Dígí kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ olómi pẹ̀lú ṣòkòtò olówó iyebíye rẹ̀. Kò gbàdúrà gígùn. Ó ní, "Jésù, èmi ni. Ṣàánú mi."

Ó padà wọlé, ó gba gbohùngbohùn. "Aago mẹ́rin ni. Èmi ni mo kọ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ wa kò jẹ̀bi."

Alága dìde fùú. "Ọ̀gá, ẹ jókòó, ara yín ò yá."

Dígí ní, "Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yá."

Àmì ẹ̀yẹ náà kò kúrò lórí tábìlì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kí i mọ́ títí dòní.

Ó wá ọmọ mi lọ sí ibi tó ti ń mọlé, nítorí iṣẹ́ bíríkìlà ló padà ń ṣe. Ọmọ mi gbọ́ tán. Ó to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta léra kó tó ní, "Lọ sọ fún ìyá mi."

Dígí dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá mi. "Ìyá, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọmọ yín."

Mo wá èébú tí mo máa fi bú u, mi ò rí. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi gbé àpótí délé, èmi ni mo dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Mo ní, "Olè ò ní sùn nílé mi." Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìwé ló tan àwọn ọ̀gá. Èmi tí mo bí i ńkọ́, ta ló tàn mí? Ọjọ́ yẹn ni èmi tí mo ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dígí, tí mo ké pe Jésù bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi dé, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dìde, eékún ń dùn yín."

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Títí ó fi kú, bí a bá dárúkọ ọmọ yẹn, á kọjú sí ògiri. Dígí sunkún bàbá yìí ju ohunkóhun lọ. Jésù ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òótọ́ tó sọ kò bá bàbá láyé.

Ìwọ tí ò ń kà á, ẹni tí o ṣẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń darúgbó lọ níbi tí o ti ń wá ọjọ́ tó wọ̀? Má sọ pé ó di ọ̀la. Jésù kò ní lé ọ, bó ti wù kí ohun tí o mú dání wá burú tó. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Bí kò bá ṣeé kúnlẹ̀, tẹrí ba, kí o ní, "Olúwa, èmi ni." Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni yẹn lónìí, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ọ.