Oògùn Ikọ́ Àgbà Kọ́ Ni Oògùn Oorun Ọmọ

Ọ̀sán ni, ayàwòrán ń lẹ ojú ewé mọ́ ògiri pálọ̀. Àjọ ìlera ló ní kó ṣe ìwé alàwòrán nípa oògùn olóró láti ayé àtijọ́ títí dòní. Ojú ewé kọkànlá ló fẹ́ràn jù. Ìyá kan ló yà síbẹ̀, tó ń fi ṣíbí fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn oorun ìgbà láéláé. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Àwòrán ọ̀hún tutù débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, á sùn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bí ọmọ yìí bá jí, èmi ló máa pè ní bàbá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pọn ọmọ oṣù mẹ́jọ jáde. Ikọ́ ò jẹ́ kọ́mọ sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, igbe rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó ká páànù òrùlé. Obìnrin náà ò mọ̀wé. Ó wo àwòrán náà títí, ó sì yí padà wọlé. Àbúrò rò pé ẹwà iṣẹ́ òun ló pa á lẹ́nu mọ́.

Nọ́ọ̀sì tí àjọ ìlera rán wá yẹ ìwé náà wò ló wọlé bá ẹ̀gbọ́n níbi tó ti ń mú ṣíbí àti ìgò kan bọ̀.

"Ìyá ọmọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣíbí ṣe?"

"Ohun tó wà lára ògiri yẹn náà ni. Oògùn ikọ́ àbúrò mi rèé. Ṣíbí kan péré, kémi náà lè fojú ba oorun."

"Ẹ gbé e kalẹ̀ ná." Nọ́ọ̀sì ka ara ìgò. "Kodíìnì, oògùn olóró, wà nínú ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà lòun àti oògùn inú àwòrán yẹn. Ó lè mú ọmọdé sùn, kó má lè mí mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mu ti àtijọ́ ni ò jí."

"Ti ara ògiri yìí ń rẹ́rìn-ín kẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ayàwòrán. "Ìkìlọ̀ dà?"

Ó nàka sísàlẹ̀ ìwé. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré, èèrà gan-an á wá awò ojú. "Mi ò fẹ́ kó ba àwòrán jẹ́ ni."

"Àwòrán tó ń polówó ikú, kí ló tún kù tó máa bà jẹ́?"

Ayàwòrán já ojú ewé náà kúrò lára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n àti nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n tó padà dé, ayàwòrán ti tún àwòrán náà yà: ìyá yẹn náà, ṣíbí yẹn náà, àmọ́ ìyá náà deetí sáyà ọmọ, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?"

Ó wo àwòrán tuntun náà. "Ọmọ inú ẹ̀ ò mí."

"Ó tán. Ẹ ti kàwé."

Ẹ̀yin òbí, bó ti wù kọ́mọ ké tó, ẹ má fún un ní oògùn ikọ́ àgbàlagbà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì fi oògùn yín síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó. Ẹkún ọmọ le létí lóòótọ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ kan wà tó le jù ú lọ.