Ìyá Rósì Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ mi, òfófó kan ń yún mi lẹ́nu, mi ò lè dá a gbé mì.

Télọ̀ ni mí. Èmi náà ni mò ń ṣọ́ gúrúùpù àwa télọ̀ lórí fóònù, àwa igba ó lé méjìlá. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá gbé fọ́tò iṣẹ́ ẹlòmíì síbẹ̀ pé òun lòun rán an, ó jáde nìyẹn, títí láé. Ọmọ àbúrò mi wá wà lọ́dọ̀ mi tó ń kọ́ṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo-ti-mọ̀-ọ́n là ń pè é, torí kó o tó la ẹnu kọ́ ọ ní nǹkan, ó ti mọ̀ ọ́n. Òun ló gbé fọ́tò kan síbẹ̀, aṣọ ìyàwó tí Abẹ́rẹ́ rán. Abẹ́rẹ́ yẹn, télọ̀ ẹgbẹ́ wa ni, torí ó tín-ín-rín la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí gé orí ẹni tó wọ aṣọ náà kúrò, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Oníbàárà Abẹ́rẹ́ kan rí fọ́tò náà lórí fóònù télọ̀ kan, ló bá kó aṣọ tó fẹ́ rán kúrò lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, ó gbé e wá fún ọmọ yìí. Nígbà tí àṣírí tú, ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí ku ọjọ́ mẹ́rin. Kọ́là kan, ìyẹn ọrùn aṣọ, wà tí wọ́n máa ní kí àwọn tó ń ṣèdánwò gé, inú gúrúùpù nìkan ni olùkọ́ wa àgbà ti ń kọ́ ọ. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n gé, kí n má purọ́. Tó bá sì fìdí rẹmi, ó di ọdún kan gbáko kó tó tún un ṣe. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n fi nọ́ńbà tuntun mú òun wọlé, ta ló máa mọ̀? Mo ní rárá, mo bá aṣọ lílọ̀ mi lọ. Kí n tó yíjú padà, ó ti mú fóònù mi, ó ti fi nọ́ńbà tuntun kó ara ẹ̀ sínú gúrúùpù. Ó pe ara ẹ̀ ní Ìyá Rósì.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Rósì gbé fọ́tò kọ́là síbẹ̀, ó ní ibo lòun ti ṣì í gé. Ẹ gbọ́ o. Nínú gbogbo wa, ṣọ́ọ̀bù tèmi nìkan la ti ń fi òwú pupa rán aṣọ wò kí máṣíìnì tó gùn ún. Òwú pupa ló sì wà nínú fọ́tò. Fóònù mi dún. Abẹ́rẹ́ ni.

"Ìyá Rósì yìí," ó ní, "ṣé ọwọ́ ẹ kọ́ ló gbà wọlé?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n bò ó ni àbí kí n tú u síta. Ọmọ náà ń wò mí bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù.

"Èmi ni, mà. Àǹtí mi ò mọ̀. Mo jí fóònù wọn lò ni."

Abẹ́rẹ́ ò pariwo. "Oníbàárà mi ò tíì padà títí dòní. Lọ bá a, kó o fi ẹnu ara ẹ sọ ẹni tó rán aṣọ ìyàwó yẹn fún un."

Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ bá obìnrin náà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ará ilé, ẹkún ló sun wálé. Ìdánwò dé, kọ́là yẹn dá a dúró, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àfi bí obìnrin yẹn ṣe gbé aṣọ padà tọ Abẹ́rẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ bá fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa: "Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní títí láé ni títí láé, òfin tó bá tẹ̀ lónìí, á kán lọ́la. Mo mú un wọlé. Èèyàn mọ́kàndínlógún jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ṣẹ̀ lè padà wálé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba ojú fèrèsé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ọwọ́ yín ni fóònù yẹn wà, kí lẹ ò bá ṣe?