Ẹ̀kọ́ Keje Tó Dàwátì

Ẹ̀kọ́ keje ti dàwátì. Mẹ́fà wà níwájú rẹ̀, márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́.

Yunifásítì méjì, ọ̀kan níbí, èkejì ní ìkọjá ààlà, ló pawọ́ pọ̀ láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì kan wà lára wọn. Ó fún ọmọ kan ní oògùn tó pọ̀ jù, díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà kú. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nínú ẹ̀kọ́ keje nìyẹn. Lọ́la ni ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn máa pinnu bóyá wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Ìbéèrè, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó di olórí ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin yìí á bi òkúta ní ìbéèrè, òkúta á fẹ́rẹ̀ẹ́ fèsì.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ pè.

"Ìgbà wo ni wọ́n pa á rẹ́?"

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ àná ni ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, mà. Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é."

"Ta ló wà níbẹ̀ ní mẹ́wàá?"

Ọkùnrin náà ní, "Èmi nìkan. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ o! Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ẹ̀kọ́ gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìkọjá ààlà ló wà."

Ó kan akọ̀wé.

"Èmi àti olùkọ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ keje ti wà nípàdé pẹ̀lú àwọn ará ọ̀hún láti aago mẹ́wàá àná. Ẹ wo bí mo ṣe sáré! Wọ́n ní mọ́kànlá, mo ti gbàgbé pé aago tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa."

Àǹtí Ìbéèrè ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n fi ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wá. Láàárọ̀ àná, olùkọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ní mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá a padà ní mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbà á.

Ó bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì.

"Mo wà nípàdé ní aago mẹ́wàá," olùkọ́ ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bi í.

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rọ wà, aago tiwọn ló kọ sílẹ̀. Mẹ́wàá wọn, mẹ́sàn-án wa ni. Ọwọ́ yín sì ni kọ́kọ́rọ́ wà ní mẹ́sàn-án. Nínú ẹ̀kọ́ méjìlá, èyí tí nọ́ọ̀sì dárúkọ nìkan lẹ pa rẹ́. Kí ló dé?"

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣíbí méjì ni mo sọ. Ìdajì ṣíbí ló yẹ kí n sọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ti ọmọ yẹn ni mo padà lọ gbọ́ ohùn ara mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń kọ́ni! Ojú tì mí, mo pa á rẹ́."

"Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí." Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ti fohùn ránṣẹ́ láàárọ̀: "Ẹ má bínú, mà. Bóyá èmi ni mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ forí jì mí tí mo bà yín lórúkọ jẹ́."

Olùkọ́ ní, "Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, òun ló tún ń bẹ̀ mí."

"Ẹnu yín nìkan ló kù tó lè gbà á sílẹ̀," ni Àǹtí Ìbéèrè wí.

Olùkọ́ gba fóònù padà, ó pe nọ́ọ̀sì.

"Ọmọ mi, má sunkún mọ́. Aago mélòó ni ìgbìmọ̀ yẹn máa jókòó? Mò ń bọ̀ wá jẹ́jọ́ ara mi."