Ìbọ̀sẹ̀ Funfun Màmá Ṣóbọ̀wálé

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ rí, kó tó gbójú sókè wo ìyókù rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni, ẹrẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ti kùn ún dé ọrùn-ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n sùtánà funfun tó wà lókè rẹ̀ ṣì mọ́ nigín-nigín. Òjò ló lé e wá sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù Àtọ́kẹ́.

"Ẹ wọlé sí i díẹ̀, bọ̀dá."

"Mi ò fẹ́ da ẹrẹ̀ sí yín nílẹ̀."

"Ẹ ti dà á ná."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Zacchaeus Ṣóbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, kafinta ni ní Akówọnjọ, ìjọ aláṣọ funfun ló sì ti ń bọ̀. Ó tẹjú mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ tó yọ ṣóńṣó lára ohun tí Àtọ́kẹ́ ń hun.

"Kí lèyí? Òòrẹ̀ ni àbí kí ni?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ bàtà, ibo lẹ ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Òjò dá, kò lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó wọ bàtà.

Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní eré. Màmá Zacchaeus nìkan ló kù. Opó ni Màmá Ṣóbọ̀wálé, òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí dàgbà, ọmọ ìjọ wọn ló sì fẹ́ kó gbé níyàwó. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí àgbà ẹbí kankan tí yóò tẹ̀lé Zacchaeus lọ bá bàbá Àtọ́kẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ gígùn, ó ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin náà wá lọ́jọ́ Àìkú.

"Màá hun ìbọ̀sẹ̀ fún wọn," Àtọ́kẹ́ ní. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé òtútù ń mú wọn lẹ́sẹ̀."

"Pẹ̀lú gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ọkọ mi. Ọwọ́ mi yá."

Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ tún yá jù ú lọ. Kò sẹ́ni tí kì í ṣèlérí ẹ̀bùn fún. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ti bàbá rẹ̀ wà nínú agbọ̀n, pupa ti Fẹ́kọ́mi ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, funfun wẹ́ẹ́rẹ́ ti ọmọ tuntun onílé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Yóò hun èyí díẹ̀, yóò jù ú sílẹ̀, yóò mú òmíràn. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ dé, ó bu lára wúùlù funfun Màmá parí ti ọmọ. Nígbà tó wá di Sátidé, orí ìka ẹsẹ̀ kejì Màmá ló kù, wúùlù sì tán. Ó wá irú rẹ̀ dé Ìkòtún, kò rí i. Ló bá mú pupa Fẹ́kọ́mi, ó fi pa á dé.

"Bàtà á bò ó," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ọmọ Áńgílíkà ni. Kò mọ̀ pé pupa kì í kan ara àwọn aláṣọ funfun. Zacchaeus ò sì sọ ọ́ fún un rí, torí èèwọ̀ tí wọ́n bí ènìyàn sínú rẹ̀, ènìyàn kì í rántí ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní pálọ̀, Màmá fa ẹsẹ̀ kan wọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó rọ̀ o." Ó fa èkejì. Orí ìka pọ́n fòò bí ogbe àkùkọ.

"Kí lèyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wúùlù funfun ló tán. Mo rò pé bàtà á bò ó ni."

"Màámi, èmi ni mi ò sọ fún un," Zacchaeus wí.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀." Màmá kọjú sí Àtọ́kẹ́. "Ta ló lo funfun mi?"

Àtọ́kẹ́ kò lè purọ́. "Ọmọ tuntun kan ni, mà. Ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé."

Màmá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ká a, ó dá a padà sínú ọ̀rá. "Ti pupa, mo lè ní o ò mọ̀. Àmọ́ àjẹkù lo fi parí tèmi. Ìyàwó tó máa fi àjẹkù tọ́jú mi, mi ò fẹ́. Ẹ máa lọ."

Zacchaeus kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kafinta. Kò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́, kò kí i mọ́. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

"Kọ́ọ̀tù là ń lọ ṣègbéyàwó," ó sọ fún Àtọ́kẹ́. "Kò kàn wọ́n."

"Èmi ò fẹ́ ọkùnrin tí kì í kí ìyá ẹ̀. Tí inú bá bí yín sí mi lọ́la ńkọ́?"

"Ojú mi ni wọ́n ti bú ẹ."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

Ẹni tó di kùnrùngbùn sínú, òótọ́ máa ń dùn ún ju èébú lọ.

Àtọ́kẹ́ gbé agbọ̀n iṣẹ́ àwọn tó kù tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fẹ́kọ́mi pòṣé torí ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tí kò parí. Àtọ́kẹ́ ra wúùlù funfun tuntun ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé Màmá nírọ̀lẹ́. Á kúnlẹ̀ kí i, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa hun. Màmá á dáhùn, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí, kó tó dọjọ́ kan tí Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà jáde, tó ń ṣà á.

"Àwọn tó kù tí ò ń hun nǹkan fún ńkọ́?" Màmá kò gbójú sókè.

"Wọ́n ń bínú sí mi, mà. Tiyín nìkan ló wà lọ́wọ́ mi."

Màmá ju òkúta ẹ̀wà nù.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ kan parí, Àtọ́kẹ́ gbé e lé orókùn Màmá. Bí èyí náà bá padà, kò sí ohun tó tún kù láti ṣe. Màmá yí inú rẹ̀ síta, ó wo ojú ìhun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tẹ orí ìka rẹ̀ wò, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́. Àtọ́kẹ́ nawọ́ mú wúùlù láti bẹ̀rẹ̀ èkejì, Màmá fọwọ́ lé abẹ́rẹ́ náà.

"Má hun èkejì níbí."

"Mà?"

"Àlejò ló ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Tí o bá di ìyàwó ilé yìí, inú pálọ̀ ni wàá ti hun ún. Ẹsẹ̀ yìí á dúró dè ọ́." Ó da aṣọ bo ẹsẹ̀ kejì tó wà lásán. "Pe ọkọ ẹ. Sọ fún un pé èmi kọ́ ni màá kọ́kọ́ kí i."

Zacchaeus dé, ìdọ̀tí pákó wà nínú irun rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó fajú ro. Màmá náà ń wò ó. Zacchaeus rí ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan náà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màámi."

"O ti rù," Màmá wí. "Lẹ́yìn ọdún tuntun, àwa àti ẹbí bàbá ẹ ń lọ rí bàbá Àtọ́kẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Àtọ́kẹ́, wọlé lọ bu ẹ̀wà fún un. Bu tìẹ náà."