Orúkọ Tí Misturat Kò Kọ

"Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni, mà."

Ìyá Rùkáyàt fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún kan? Owó kí ni, Misturat?"

"Owó ìforúkọsílẹ̀."

"Bí mo bá ní ẹgbẹ̀rún kan, kí ni mo wá ń tò sínú oòrùn fún?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Misturat kò gbójú sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ni, ó sì ń wá owó fọ́ọ̀mù JAMB. Ìdí nìyí tó fi gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó lè máa kọ orúkọ àwọn aláìní abúlé Ìdí-Ẹ̀mì tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún lówó ìrànwọ́.

Àdéhùn iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Ìwé, epo ọkọ̀ àti owó àwọn akọ̀wé, ìjọba àpapọ̀ yóò san ìdajì, ìjọba ìbílẹ̀ yóò san ìdajì yòókù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìní. Misturat kà á, ó sì fọwọ́ sí i.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, ọ̀gá wọn, pè é sẹ́yìn mọ́tò. "Ìdajì tiwa kò sí nílẹ̀, tìjọba àpapọ̀ kò sì tíì dé. Gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Igba náírà níbẹ̀, tìrẹ ni. Ẹni tí kò bá san, má kọ ọ́."

"Ìwé tí mo fọwọ́ sí ńkọ́, sà?"

"Ta ni yóò kà á?"

Ọgọ́ta ènìyàn ló tò sílẹ̀. Misturat ṣírò igba náírà lọ́nà ọgọ́ta, ó sì ṣí ìwé orúkọ.

"Kọ mí sílẹ̀, ọmọ mi," Ìyá Rùkáyàt bẹ̀ ẹ́. "Egbò ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n re oko mọ́. Bí mo bá ta gaàrí, n ó mú un wá."

"Ẹ má bínú, mà. Àṣẹ ni."

Obìnrin náà kò ṣépè. Ó yí padà, ó ń tiro lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, owó dé, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé sì gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì, Rùkáyàt, ọ̀rẹ́ Misturat, gbé báàgì kékeré wá kí i.

"Ìbàdàn ni mò ń lọ, mo fẹ́ lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀. Ẹsẹ̀ màámi ti ń jẹrà."

"Ìdánwò rẹ ńkọ́?"

"Ìdánwò wo? Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ìwé orúkọ?"

Misturat kò sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì láti bẹ Ládòkun kó fi orúkọ Ìyá Rùkáyàt kún ìwé náà. Àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò láti Àbújá ló bá níbẹ̀. Wọ́n ní ìdajì tìjọba àpapọ̀ ti dé kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé owó Ládòkun, níwájú orúkọ Misturat, wọ́n kọ ọ́ pé ó ti gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà owó iṣẹ́. Ẹnìkan ti bá a fọwọ́ sí i.

"Irọ́ ni!" ló ké. "Igba náírà lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ni mo rí!"

Ládòkun pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Èmi kò rán an níṣẹ́ kankan."

Kò sí ẹlẹ́rìí. Wọ́n kàn gbé Ládòkun lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, wọ́n sì ní kí Misturat dá gbogbo owó tó gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn padà. Ó ti fi tirẹ̀ ra fọ́ọ̀mù. Odindi ọdún kan ló fi bá wọn bó ẹ̀gẹ́ ní ìlú Ìgànná kó tó san án tán. Kò ráàyè jókòó sí ìdánwò JAMB náà. Wọ́n sì ti pa ìwé orúkọ àwọn aláìní dé láìfi ti Ìyá Rùkáyàt kún un.

Nígbà tó padà sílé, Ìyá Rùkáyàt ti di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Misturat kúnlẹ̀. "Wọ́n ní kí n ṣe é ni, mà."

"Ládòkun kò mọ̀ mí rí," ni ìyá náà dáhùn. "Ìwọ lo mọ̀ mí."

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá pàṣẹ ìkà, ọwọ́ tó ṣe é ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀ délé.